Ibo Ni Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Yín Ń Dà Sí? Ẹ̀kọ́ Lórí Páìpù Àjọni

Ẹ̀yin ará wa tí ń gbé ní Creekmouth, Thames View, Barking Riverside àti gbogbo agbègbè Barking, ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò kàn. Ọ̀rọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni: bí a ṣe ń so ó mọ́ páìpù tí àwa àti aládùúgbò jọ ń lò, ẹni tó ni páìpù náà, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá so ó síbi tí kò yẹ.

Ìdí tí a fi mú un wá ni pé àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn láti fi tọ́ílẹ́ẹ̀tì kún ilé. Màmá dé láti ilé, orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn mọ́, a fẹ́ ṣe ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ fún wọn. Ọmọ márùn-ún ń tò láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Onílé pín ilé sí yàrá yàrá, ó fẹ́ kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ìgbà tí wàhálà ń wọlé ni ìgbà tí a bá pe ẹni tó "mọ iṣẹ́ náà díẹ̀", tó wo ara ògiri, tó rí páìpù kan nítòsí, tó ní, "Èyí náà á gbà á."

Tilé lọ́tọ̀, tibí lọ́tọ̀

Ní ilé, ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà sí àgbàlá tó ní kòtò ìdọ̀tí tirẹ̀. Àwọn àgbà wa mọ ìgbà ṣáláńgá, wọ́n sì mọ ìgbà àwọn agbépóò tí ń wá gbé korobá lóru. Nígbà tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì olómi dé, onílé gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé, ó fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, ó da kọnkéré lé e lórí, ó ní òun ti ní soakaway. Bí ó bá kún, ọkọ̀ tí ń fa ìdọ̀tí á wá, onílé á sanwó. Yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀sítéètì díẹ̀ bíi Festac ní Èkó, níbi tí páìpù àjọni wà, ìdọ̀tí oníkálukú kì í kúrò nínú ọgbà rẹ̀. Ẹni tó bá bà á jẹ́, òun àti ìdílé rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Níbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé omi náà láti inú ilé. Bí ẹ bá fa omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì, omi àti ìdọ̀tí á gba ọrùn àwo kọjá, á bọ́ sínú páìpù tí ẹnu rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó 110 mìlímítà. Páìpù yìí fì sísàlẹ̀ díẹ̀, ó sì lọ wọ páìpù ńlá kan tó dúró lóòró lára ògiri tàbí ní kọ̀rọ̀ ilé. Páìpù tó dúró yìí ni baba gbogbo wọn. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì òkè ń dà sí i, ti ìsàlẹ̀ ń dà sí i, omi ìwẹ̀ àti omi tí a fi fọ abọ́ náà lè máa dà sí i. Nínú ilé fúláàtì, ìdílé mẹ́wàá lè jọ máa lo ẹyọ kan. Láti ẹsẹ̀ rẹ̀, omi wọ abẹ́ ilẹ̀, ó pàdé ti aládùúgbò lẹ́yìn ilé, wọ́n jọ lọ sábẹ́ títì. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ jù, ẹ̀rọ á fà á sókè, títí yóò fi dé ibi tí wọ́n ti ń fọ omi náà.

Ibi ìfọmi tó tóbi jù kò jìnnà sí wa rárá. Bí ẹ bá dúró ní Creekmouth, níbi tí odò Roding ti wọ odò Thames, tí ẹ wo òdìkejì omi níhà ìwọ̀-oòrùn, Beckton nìyẹn. Ìdọ̀tí ènìyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ní London ló ń lọ síbẹ̀. Kò sí èyí tó tóbi tó o ní gbogbo ilẹ̀ Britain. Òórùn tí atẹ́gùn máa ń gbé wá nígbà míì, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa.

Àmọ́ wọn kì í fọ omi níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1858, òórùn odò Thames le débi pé ara kò rọ àwọn aṣòfin nílé ìgbìmọ̀ wọn mọ́. Joseph Bazalgette ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ó la páìpù ńláńlá gba abẹ́ ìlú, ó sì darí ti ìhà àríwá odò wá sí Beckton ní àwọn ọdún 1860. Ó gba àárín ìlú là lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ńṣe ni wọ́n kàn ń tọ́jú ìdọ̀tí náà pa mọ́, tí wọ́n á sì tú u sódò nígbà tí omi bá ń fà lọ sí òkun. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 September 1878, ọkọ̀ ojú omi Princess Alice, tó ń kó àwọn tó lọ ṣe fàájì bọ̀ wálé, forí sọ ọkọ̀ ńlá kan tí ń jẹ́ Bywell Castle ní apá odò tiwa yìí. Ó rì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ènìyàn tó lé ní 600 ló kú. Ìdọ̀tí tí wọ́n tú sílẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú ṣì wà lójú omi nígbà tí àwọn èrò inú ọkọ̀ bọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba jí. Láti 1887, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdọ̀tí tó ki láti ibẹ̀ lọ dà sí òkun, wọn kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí di 1998.

Ẹ má bínú bí ìtàn náà bá gùn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí nínú rẹ̀ ni pé páìpù kì í pa ìdọ̀tí rẹ́. Ibì kan ló ń gbé e lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó so tọ́ílẹ́ẹ̀tì yín mọ́ páìpù èyíkéyìí, ẹ bi í léèrè ibi tí páìpù yẹn ń lọ.

Omi inú ọrùn àwo

Ẹ wo inú àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì yín. Omi díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn kan rò pé nítorí ìmọ́tótó ni. Rárá o, ìlẹ̀kùn ni. Omi yìí, tó yẹ kó jìn tó 50 mìlímítà nínú ọrùn àwo, ló ń dínà fún afẹ́fẹ́ burúkú inú páìpù kó má bàa wọlé. Abẹ́ síńkì àti ibi ìwẹ̀ náà ní ọrùn tiwọn, ìdí nìyẹn tí páìpù abẹ́ síńkì fi lọ́ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ.

Wàyí o, nígbà tí omi púpọ̀ bá já láti òkè nínú páìpù tó dúró, á máa ti afẹ́fẹ́ níwájú, á sì máa fa afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Bí páìpù náà kò bá rí afẹ́fẹ́ fà láti òkè, èyí tó bá rí ló máa fà: á fa omi inú ọrùn síńkì yín tàbí ti aládùúgbò yín jáde. Ẹ óò gbọ́ ọ tí yóò máa dún gùlùgùlù bí ẹni ń mu ẹ̀kọ. Kò ní pẹ́ tí òórùn á fi dé. Nítorí èyí ni páìpù tó dúró fi ń yọrí lókè òrùlé, tí ẹnu rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé láti dí i. Ìlànà ìkọ́lé ti England ní kí ẹnu náà fi 900 mìlímítà, ó kéré tán, ga ju fèrèsé tó bá wà láàárín mítà 3 sí i. Ẹni tó gé e kúrò nígbà tó ń tún òrùlé ṣe, tàbí tó fi ọ̀rá dí i nítorí òtútù, imú gbogbo ilé ló dí yẹn.

Fífì tí páìpù fì sísàlẹ̀ náà ní ìwọ̀n. Bí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo bá ń lọ pàdé páìpù tó dúró, páìpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 18 mìlímítà, ó kéré tán, lọ sílẹ̀ nínú mítà kọ̀ọ̀kan, kí gígùn rẹ̀ má sì ju mítà 6 lọ bí kò bá ní páìpù èémí tirẹ̀. Bí ó bá tẹ́jú jù, omi á lọ, ìdọ̀tí á jókòó. Ẹnu rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí 100 mìlímítà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun á so tọ́ílẹ́ẹ̀tì mọ́ páìpù síńkì, tí kì í sábà ju 40 mìlímítà lọ, ẹ fún un ní omi tútù mu, kí ẹ sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀rọ kan wà ṣá o, tó ń lọ ìdọ̀tí kúnná, tó sì ń tì í gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́. Òfin gbà á láyè, àmọ́ àfi bí tọ́ílẹ́ẹ̀tì mìíràn bá wà tí ẹ lè lò, tí ìdọ̀tí rẹ̀ ń ṣàn lọ fúnra rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ. Ẹ má sọ pé iná kì í lọ ní London. Ó ń lọ, ẹ̀rọ náà sì ń bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ọjọ́ tí àlejò kún ilé ló máa ń bàjẹ́.

Fún ẹ̀yin tí ń gbé nínú ilé alájà púpọ̀: bí ilé bá ju àjà 5 lọ, ìlànà ní kí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ pátápátá má ṣe dà sínú páìpù tó gba ti òkè. Ó yẹ kó ní ọ̀nà tirẹ̀ wọ ilẹ̀. Ìdí ni pé omi tó já láti òkè ń fi agbára gbá ìtẹ̀kọrọ tó wà ní ẹsẹ̀ páìpù náà, afẹ́fẹ́ á sì ta padà sókè. Inú àwo ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló máa gbà jáde. Kódà nínú ilé kékeré tí kò ju àjà 3 lọ, ibi tí a óò ti so páìpù mọ́ èyí tó dúró gbọ́dọ̀ fi 450 mìlímítà, ó kéré tán, ga ju ìsàlẹ̀ ìtẹ̀kọrọ yẹn. Nítorí náà, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín bá wá kan ilẹ̀kùn pé síńkì òun ń hó láti ìgbà tí ẹ ti ṣe tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ má rò pé ìjà ló wá jà. Òótọ́ lè wà lẹ́nu rẹ̀.

Páìpù omi òjò kọ́ ni páìpù ìgbọ̀nsẹ̀

Èyí gan-an ni orí ẹ̀kọ́ wa. Ní àárín London àtijọ́, páìpù kan ṣoṣo ló ń gba omi òjò àti ìdọ̀tí pọ̀. Nígbà tí òjò bá pọ̀ jù, á kún dà sódò. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Tideway, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 25, tí wọ́n sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán ní 2025. Ṣùgbọ́n ní àwọn àdúgbò tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ti àárín ìlú, ọ̀pọ̀ ibi níhà tiwa náà sì wà lára wọn, páìpù méjì ló wà lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀kan gba ìdọ̀tí, ó ń gbé e lọ sí ibi ìfọmi. Èkejì gba omi òjò láti orí òrùlé àti ojú títì, ó sì ń gbé e lọ tààrà sínú odò. Kò sí ẹni tó ń fọ èyí. Kò sí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kankan, bó ti wù kó tóbi tó, tó máa gbà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ká ní ilé kan wà ní Thames View. Wọ́n fẹ́ ṣe tọ́ílẹ́ẹ̀tì kékeré sábẹ́ àtẹ̀gùn. Páìpù ìdọ̀tí wà lẹ́yìn ilé. Bí wọ́n bá máa dé ibẹ̀, wọ́n ní láti fọ́ ilẹ̀ kíṣìnì. Páìpù omi òjò wà níwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri náà. Plọ́ńbà àkọ́kọ́ ní àfi ká fọ́ ilẹ̀, owó rẹ̀ sì ga. Ẹnì kejì ní kò sí ìdí fún fífọ́, ọjọ́ kan lòun máa fi parí ẹ̀. Ẹnì kejì ni wọ́n gbà. Ó so ó mọ́ ti iwájú. Wọ́n fa omi, ó lọ fàà. Gbogbo wọn ní ó ṣe dáadáa.

Bẹ́ẹ̀, ó ṣe dáadáa lóòótọ́, ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Kò dí, kò rùn, kò dún. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tó mọ̀. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ń lọ sódò bó ṣe wà. Mayes Brook ń ṣàn gba inú Mayesbrook Park kọjá kó tó lọ pàdé odò Roding. Ní 2011 ni wọ́n tún ọ̀nà odò kékeré yìí ṣe nínú ọgbà náà, tí wọ́n jẹ́ kó lọ́ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ bí odò gidi, kí àwọn ará àdúgbò lè gbádùn rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń ṣeré níbẹ̀. Wọ́n ń ju òkúta sómi, wọ́n ń fi ọwọ́ kan omi, wọ́n sì ń fi ọwọ́ kan náà jẹ bisikíìtì. Ẹni tó fi owó díẹ̀ pamọ́ lórí páìpù kò mọ̀ pé inú omi tí ọmọ òun ń fi ọwọ́ pọ̀n lòun ń dà á sí.

Òfin omi ti 1991 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti so omi ìdọ̀tí mọ́ páìpù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún omi òjò nìkan. Òfin ìkọ́lé ti 1984 náà fún kánsù láṣẹ láti pàṣẹ fún onílé pé kó tún páìpù tí kò dára ṣe. Bí wọ́n bá tọ pinpin rẹ̀ dé ilé yín, ẹni tó ni ilé lónìí ni wọ́n máa kọ ìwé sí, kódà bó jẹ́ ẹni tó ta ilé fún yín ló ṣe é. Plọ́ńbà olówó pọ́ọ́kú náà á ti yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ta ló ni páìpù?

Owó ló wà nídìí ìbéèrè yìí, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Láti ọjọ́ 1 October 2011, ọ̀pọ̀ páìpù ìdọ̀tí tí ilé ju ọ̀kan lọ jọ ń lò ti bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ omi, kódà bó bá gba abẹ́ ọgbà yín kọjá. Níhà tiwa, Thames Water ni. Apá tó jẹ́ tilé yín nìkan, ṣùgbọ́n tó ti kọjá ààlà ilẹ̀ yín lọ sábẹ́ títì, tiwọn náà ni. Èyí tó kù fún onílé ni páìpù inú ilé àti èyí tó wà nínú ààlà ilẹ̀ rẹ̀, tí òun nìkan ń lò.

Bí tọ́ílẹ́ẹ̀tì bá wá kún padà ní alẹ́ Saturday, ẹ má sáré pe nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí lára ọkọ̀ ẹnì kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Bí tiwọn náà bá ń kún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé páìpù àjọni ló dí, Thames Water sì ni ẹ ó pè. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ yín láti la páìpù tiwọn. Bí ó bá jẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì yín nìkan, tí síńkì àti ibi ìwẹ̀ ń lọ dáadáa, nǹkan kan há sínú ọrùn àwo tàbí páìpù tirẹ̀ nìyẹn, ti onílé sì ni.

Ilé fúláàtì yàtọ̀ díẹ̀. Páìpù tó dúró nínú ilé náà, àti èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ọgbà rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ni gbogbo ilé náà ni wọ́n sábà máa ń wà: kánsù, ẹgbẹ́ onílé, tàbí ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o. Ẹ̀yin tí ẹ ra fúláàtì, ẹ wo ìwé lease yín kí ẹ tó lu ihò kan ṣoṣo sí páìpù náà. Ẹ lè ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì kí ẹ má ni páìpù tó ń dà sí.

Ẹ̀yin ayálégbé, ọ̀rọ̀ yín rọrùn jù lọ, ẹ̀yin ló sì máa ń bẹ̀rù jù. Òfin onílé àti ayálégbé ti 1985, ní ìpín rẹ̀ kọkànlá, sọ pé onílé tó bá fi ilé háyà fún àkókò tí kò tó ọdún 7 ló gbọ́dọ̀ tọ́jú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, síńkì, ibi ìwẹ̀ àti páìpù ìdọ̀tí ilé náà. Kò lè fi àdéhùn yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀yin lẹ óò máa tún un ṣe, ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ bí ẹ̀yin tàbí ọmọ yín bá ju nǹkan sí i tó fi dí, ìyẹn di tiyín. Ẹ kọ ìwé sí onílé, ẹ má fi ẹnu nìkan sọ ọ́. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ ya fọ́tò, ẹ pa ẹ̀dà kan mọ́. Bí kò bá dáhùn, kánsù Barking àti Dagenham ní àwọn wolé-wolé tiwọn, wọ́n sì láṣẹ láti wá wo ilé náà. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín pé onílé á lé yín, ẹ kọ́kọ́ lọ rí Citizens Advice tàbí Shelter, kí ẹ mọ ibi tí ẹsẹ̀ yín wà kí ẹ tó kọ ìwé.

Ọ̀rọ̀ lórí ohun tí a ń dà sí i kò ní gùn, torí a ti sọ ọ́ títí. Wipes kì í yọ́ nínú omi, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sára páálí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo bútà omi, ẹ máa bá a lọ, ẹ̀yin lẹ ṣe páìpù lóore jù. Epo pupa tí ń ṣàn ní ilé máa ń dì nínú òtútù tibí, inú páìpù àjọni ló sì máa ń dì sí. Ní September 2017, wọ́n rí òkìtì ọ̀rá àti wipes lábẹ́ títì Whitechapel tí gígùn rẹ̀ tó mítà 250, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 130. Ẹ da epo tó kù sínú ike, kí ẹ gbé e sí ibi ìdalẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí iṣẹ́, àti bí iṣẹ́ bá ti parí

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀ jẹ́ ohun tí Building Control gbọ́dọ̀ gbọ́ sí. Ẹ lè kọ̀wé sí kánsù kí wọ́n wá wò ó, tàbí, bí iṣẹ́ náà kò bá kan páìpù àjọni tàbí èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀, kí ẹ lo plọ́ńbà tó wà nínú ètò àwọn oníṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, tó lè fúnra rẹ̀ jẹ́rìí iṣẹ́ rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ yín ní ìparí. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilé, nítorí lọ́yà ẹni tó bá fẹ́ ra ilé náà á béèrè rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ so páìpù tuntun tààrà mọ́ páìpù Thames Water, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn náà. Bákan náà bí ẹ bá fẹ́ kọ́ yàrá kún ilé láàárín mítà 3 sí páìpù wọn.

Ẹ bi plọ́ńbà náà ní ohun mẹ́ta, kí ó dáhùn lójú yín: páìpù wo ni yóò so ó mọ́, ibo ni páìpù yẹn ń lọ, níbo ni afẹ́fẹ́ yóò ti wọlé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú. Á mú yín jáde, á ṣí ìdérí ilẹ̀, á fi hàn yín.

Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe nìyí, fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun tàbí ti àtijọ́ tí kò dá yín lójú. Ẹ ra àwọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, pupa tàbí búlúù, ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo ọgbà yín bóyá ìdérí irin méjì wà nílẹ̀. Níbi tí páìpù bá jẹ́ méjì, ó ṣeé ṣe kí ìdérí náà jẹ́ méjì. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà méjì ṣí wọn, ó wúwo, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Ẹ má tẹ orí bọ inú rẹ̀, ẹ má sì wọ ibẹ̀ láéláé, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè pa ènìyàn. Ẹ dúró sókè, kí ẹ máa wò ó. Láti mọ èwo ni ti òjò, ẹ da omi lásán sínú páìpù tó ń bọ̀ láti òrùlé. Ibi tí omi náà bá ti yọ ni. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan da àwọ̀ sínú àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kó sì fa omi lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìdérí kan ṣoṣo bá wà, tàbí tí kò sí rárá, ẹ pe plọ́ńbà tó ní ìwé ẹ̀rí kó wá ṣe àyẹ̀wò náà fún yín.

Bí àwọ̀ náà bá yọ níbi ti ìdọ̀tí, ẹ dé ìdérí, ó ti parí. Bí ó bá yọ níbi ti omi òjò, ẹ má lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́, ẹ lo èkejì. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ kọ̀wé sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ilé bá jẹ́ tiyín, ẹ wá plọ́ńbà tó ní ìwé ẹ̀rí kó yí i padà sí páìpù tó yẹ, kí ẹ sì tún da àwọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i lójú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.